Ariwo Bíréèkì Ọkọ̀: Ẹ Wo Ìgbà Tó Ń Dún, Ẹ Má Wo Bó Ṣe Pọ̀ Tó

Tí bíréèkì takisí bá han ní ìkóríta kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀, èrò inú ọkọ̀ á ní kí awakọ̀ lọ tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, awakọ̀ á ní ariwo lásán ni. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ló lè jàre. Bí ariwo ṣe pọ̀ tó kọ́ ló ń sọ bí ewu ṣe tó. Èyí tí wọ́n gbọ́ dé òpópónà kejì lè má ju eruku lọ, nígbà tí kíkùn jẹ́jẹ́ tí ẹ ò lè gbọ́ àfi tí ẹ bá pa rédíò lè jẹ́ irin tó ti ń jẹ irin. Ìgbà tí ariwo náà ń dún ló ń fi ohun tó bàjẹ́ hàn. Ṣé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ló ń wá, àbí ìgbà yẹn gan-an ló ń dákẹ́? Ṣé àárọ̀ nìkan ni? Ṣé ó ń yára bí táyà bá ṣe ń yára? Ẹni tó bá ti mọ èsì ìbéèrè wọ̀nyí kó tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ti ṣe ìdajì iṣẹ́, wọn ò sì ní rí i mú láti ta ohun tí kò bàjẹ́ fún un.

Ohun tó ń dún gan-an

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tó ń rìn lọ́dọ̀ wa, oríṣi bíréèkì méjì ló ní. Ní ẹsẹ̀ iwájú, àwo irin kan wà tó ń bá táyà yí: dísìkì nìyẹn. Kálípà gùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́, páàdì méjì sì wà nínú kálípà, ọ̀kan lápá inú, ọ̀kan lápá ìta. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, òróró bíréèkì á ti písítìnì, písítìnì á sì mú kí páàdì méjèèjì fún dísìkì láàárín. Ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, dírọ́ọ̀mù ló wọ́pọ̀. Irin ribiti ni, ṣúù méjì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n á ya síta láti há mọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Kò sí páàdì tí kì í gbọ̀n nígbà tó bá ń nu dísìkì. Á lẹ̀, á yọ̀, á tún lẹ̀, ó lè ju ìgbà 1,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Tí gbogbo nǹkan bá jókòó dáadáa, tí gíríìsì sì wà níbi tó yẹ, ìgbọ̀n yẹn á kú sínú irin, etí kò ní gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí ibì kan bá tú, tó gbẹ, tàbí tó jẹ kọjá ààlà, dísìkì á máa dún bí agogo.

Ariwo àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tí kò ní wàhálà kúrò. Etí ọ̀sà ni Àjàṣẹ́ wà, omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Wọn kì í kun ojú dísìkì lọ́dà níbi tí páàdì ti ń nù ún, nítorí náà tí ọkọ̀ bá sùn síta nígbà òjò, ìpẹtà pupa á ti bò ó kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìgbà mélòó kan tí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ bíréèkì láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń ha. Páàdì á nu ìpẹtà náà kúrò, ariwo á lọ. Ẹ má ná kọ́bọ̀ sí i. Ọkọ̀ tó ti dúró fún oṣù mélòó kan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, torí ìpẹtà lè ti jẹ ihò sójú dísìkì, páàdì kò sì lè nu ihò kúrò.

Bíréèkì ọwọ́ náà ní tirẹ̀. Tí ẹ bá fà á sókè tí ọkọ̀ wà lójú òjò fún ọjọ́ díẹ̀, ṣúù lè lẹ̀ mọ́ dírọ́ọ̀mù. Ẹ ó gbọ́ “gbà!” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ọkọ̀ bá fẹ́ kúrò nílẹ̀. Ọkọ̀ tó bá máa pẹ́ níbi kan, ẹ fi í sí jíà àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta dí táyà rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀.

Ní apá Kétu, níbi tí ojú ọ̀nà pupa pọ̀ sí, eruku ló ń fa ariwo tí ìpẹtà ń fà ní Àjàṣẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́. Eruku á wọ àárín páàdì àti dísìkì, ó sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú dírọ́ọ̀mù, nítorí ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í rọ́nà jáde. Omi àti ọṣẹ ló ń fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí bíréèkì tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó da omi sí i, torí irin tó gbóná tí omi tútù bá bọ́ lé lójijì lè sán tàbí kó wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà fẹ́ eruku inú dírọ́ọ̀mù jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ibi là ń rí i tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun tí iná kì í jó, wà nínú àwọn ṣúù àtijọ́ kan, eruku rẹ̀ tí èèyàn bá fà símú sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ahọ́n irin tó ń kìlọ̀

Ọ̀pọ̀ páàdì ni wọ́n ti mọ ahọ́n irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe é fún ni pé kó pariwo. Páàdì tuntun máa ń nípọn tó nǹkan bíi 10 sí 12 mílímítà, láìka irin tó gbé e lẹ́yìn. Tó bá ti ku nǹkan bíi 2 sí 3 mílímítà, ahọ́n yẹn á kan dísìkì, á sì máa han. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ga, ó ń yára bí táyà bá yára, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í dúró de ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì kó tó dún. Ó tilẹ̀ lè dákẹ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, èyí ló ń mú kí àwọn kan rò pé bíréèkì kọ́ ló ń dún.

Tí ẹ bá gbọ́ ọ, àyè díẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àyè oṣù kan. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sáàárín ihò ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ wo páàdì tó wà lápá ìta. Tó bá ti fẹ́lẹ́ ju irin ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ó yẹ kẹ́ ẹ ti máa wá owó. Tó bá ti ku 3 mílímítà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì gba ti ìta nìkan gbọ́. Ti inú ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ tán, ẹ ò sì lè rí i dáadáa àfi tí ẹ bá tú táyà.

Kì í ṣe gbogbo páàdì ló ní ahọ́n. Ọkọ̀ Jámánì púpọ̀ wáyà ni wọ́n fi sí i, tí yóò tan iná lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn páàdì olówó pọ́ọ́kú kan kò ní èyíkéyìí. Àwọn mẹkáníìkì kan sì wà tí wọ́n máa ń fi ẹ̀mú gé ahọ́n náà kúrò kí ọkọ̀ lè dákẹ́ kí oníbàárà sì máa lọ. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò tún nǹkan kan ṣe. Ẹlẹ́rìí ló pa lẹ́nu mọ́.

Irin lórí irin

Èyí ni ká máa bẹ̀rù. Páàdì ti tán, irin ẹ̀yìn rẹ̀ ló wá ń nu dísìkì. Ohùn rẹ̀ kì í ga. Ó wúwo, ó ń rin, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lábẹ́ ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà. Nígbà mìíràn kò pariwo tó ti ahọ́n irin tó ṣáájú rẹ̀, ìyẹn ló fi ń tan èèyàn: awakọ̀ á ní ariwo ti rọlẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, dísìkì ń ya, ọkọ̀ ń pẹ́ kó tó dúró, písítìnì sì ń jáde jìnnà sí ibi tí wọ́n ṣe é fún, títí òróró bíréèkì fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bí òróró bá ti jò tán lójú ibẹ̀, kò sí bíréèkì mọ́ ní ẹsẹ̀ náà. Ẹ má wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti Kétu wá sí Àjàṣẹ́ nítorí pé ẹ mọ mẹkáníìkì kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wá bá yín.

Páàdì tuntun lórí dísìkì tó ti ya kì í pẹ́ kó tó pariwo. Lára dísìkì, wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ “MIN TH”, òun ni ìnípọn tó kéré jù lọ tí a gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kù. Dísìkì tó jẹ́ 22 mílímítà nígbà tó wà ní tuntun, 20 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i. Mílímítà méjì péré ni gbogbo ayé rẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá ní òun fẹ́ gbé e lọ fá ní tọ́nà, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fá irin, ẹ ní kó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Tí fífá bá máa mú un wá sísàlẹ̀ nọ́ńbà yẹn, owó tọ́nà ti ṣòfò nìyẹn.

Ooru

Takisí tó ń ti Parakou bọ̀ tó ń gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, tí ẹrù kún orí rẹ̀ tí èrò sì há inú rẹ̀, ooru ni ọ̀tá bíréèkì rẹ̀. Agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ sọ di ooru ń lọ sókè ní ìlọ́po mẹ́rin tí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìyẹn ni pé dídúró láti 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń mú ooru ìlọ́po mẹ́rin ti 40 wá. Ẹ fi ìwọ̀n ẹrù kún un. Páàdì tó bá gbóná kọjá ààlà, ojú rẹ̀ á le, á máa dán, kò sì ní di dísìkì mú dáadáa mọ́. Á máa han nígbàkúgbà tí ẹ bá rọra tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á sì nílò àyè tó pọ̀ sí i kó tó dúró. Tí páàdì bá ṣì nípọn tí kò sì sán, ẹ lè fi sánpépà 80 tàbí 120 ra ojú rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ rin ín lómi kí eruku má bàa fò, ẹ sì fi sánpépà ra dísìkì náà pẹ̀lú. Tó bá ti sán, tàbí tí etí rẹ̀ ń já wọ́rọ́wọ́rọ́, ẹ jù ú nù. Kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀, jíà ni kẹ́ ẹ fi máa dín eré kù, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì dáadáa kẹ́ ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, dípò kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ìṣó kálípà, ibi tí wọ́n máa ń gbàgbé

Tí ẹ bá pààrọ̀ páàdì tí ariwo padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ibí ni kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó bú ẹni tó ta páàdì. Kálípà ọkọ̀ kékeré kì í dúró gbagidi: ó ń rìn sọ́tùn-ún sósì lórí ìṣó gbọ̀ọ̀rọ̀ méjì kí páàdì méjèèjì lè fún dísìkì bákan náà. Rọ́bà ló bo ìṣó wọ̀nyí. Tí rọ́bà bá ya, omi àti eruku á wọlé, ìṣó á dípẹtà, kálípà á há. Páàdì inú á máa nìkan ṣiṣẹ́, á jẹ tán nígbà tí ti ìta ṣì nípọn, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, epo á máa yára tán, ẹsẹ̀ kan á máa gbóná.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ wa ọkọ̀ lọ bíi kìlómítà mẹ́wàá láìfi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ rọra dúró, kẹ́ ẹ wá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ ló há. Mẹkáníìkì á fa ìṣó jáde, á fọ̀ ọ́ mọ́, á fi rọ́bà tuntun bò ó, á sì fi gíríìsì sílíkónì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì pa á. Gíríìsì lásán tí wọ́n fi ń pa béárìn kò dára níbẹ̀: ó ń mú rọ́bà wú, ìṣó á sì tún há. Tó bá jẹ́ písítìnì fúnra rẹ̀ ló dípẹtà, ẹ pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ ra kálípà mìíràn.

Gíríìsì tí kì í yọ́ nínú ooru náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn irin páàdì àti níbi tí etí páàdì ti ń yọ̀ nínú ilé rẹ̀. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Kò gbọ́dọ̀ kan ojú páàdì tàbí dísìkì láé, àwọn tó ń ta òróró sójú bíréèkì kí ariwo lè kú sì ń fi ẹ̀mí ṣeré.

Àwọn tó ń dún láìtẹ bíréèkì

Tí ẹ bá ń gbọ́ kọ-kọ-kọ lójú ọ̀nà tí kò dára, ẹ rọra tẹ bíréèkì díẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Tó bá dákẹ́, páàdì ló ń mì nínú ilé rẹ̀, torí wọ́n ti ju àwọn sípíríìnì pẹlẹbẹ tó ń dì í mú nù nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ páàdì. Tí kò bá dákẹ́, ẹ kúrò lọ́rọ̀ bíréèkì, kẹ́ ẹ lọ wo sọ́ọ̀bù (ohun tó ń gba gbígbọ̀n ojú ọ̀nà mọ́ra) àti àwọn oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ tó há sáàárín dísìkì àti páńtẹ́ẹ̀tì (irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́) tó bò ó lẹ́yìn máa ń pariwo tó ń dẹ́rù bani, ha-ha-ha láìdábọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sì léwu. Ẹ rọra yí ọkọ̀ padà sẹ́yìn ní mítà mélòó kan, ó lè já bọ́. Bí kò bá já, wọ́n á tú táyà, wọ́n á sì fi sukudiráfà ti páńtẹ́ẹ̀tì náà sẹ́yìn.

Kíkùn tó ń yára bí ọkọ̀ ṣe ń yára, tó sì ń yí ohùn padà tí ẹ bá yí sitiárìn sọ́tùn-ún tàbí sósì, béárìn ẹsẹ̀ ni. Ọkọ̀ tó ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì), tí ẹ bá tẹ bíréèkì gidi lójú ọ̀nà tó ń yọ̀, pẹ́dà á gbọ̀n mọ́ yín lẹ́sẹ̀, á sì dún grr. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ ṣííì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tí pẹ́dà sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ ń jò nínú sáfò tó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ẹ lè fi dọ̀la.

Ríra àti fífi sí i

Ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ọkọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n ń lò: plaquette ni wọ́n ń pe páàdì, disque ni dísìkì, étrier ni kálípà, tambour ni dírọ́ọ̀mù, mâchoire ni ṣúù. Ẹ mú páàdì àtijọ́ dání, torí ọkọ̀ kan náà lọ́dún kan náà lè ní oríṣi méjì. Ẹ wo ẹ̀yìn irin páàdì tuntun: èyí tó gba àyẹ̀wò ti Yúróòpù ní lẹ́tà E àti nọ́ńbà nínú róbótó kan, E1 fún Jámánì, E2 fún Faransé, pẹ̀lú 90R lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ní lẹ́tà méjì bíi EE, FF tàbí GG. Ti àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń dì mú nígbà tó tutù, ti ìkejì nígbà tó bá gbóná, G sì ń dì mú ju F lọ, F ju E lọ. Ayédèrú lè tẹ gbogbo èyí sí ara, nítorí náà ẹ wo bí ìtẹ̀wé náà ṣe mọ́ tó àti bí páàdì ṣe lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀ tó. Páàdì tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń pariwo ju èyí tó jẹ́ sẹ̀rámíìkì lọ, kódà tí kò bá ní àbùkù kankan.

Páàdì ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lẹ máa ń pààrọ̀ pọ̀, kì í ṣe ti ọ̀kan. Kí mẹkáníìkì tó ti písítìnì padà, kó wo ike òróró bíréèkì. Tó bá kún, òróró á ṣàn síta, ó sì máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Kálípà kò gbọ́dọ̀ máa fi rọ́bà òróró rọ̀. Okùn ni kó fi so ó mọ́ sípíríìnì ọkọ̀. Tí ẹ bá pààrọ̀ dísìkì, kó fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha ìpẹtà kúrò lójú ibi tó ń jókòó sí, nítorí tí dísìkì bá fi ìdámẹ́wàá mílímítà kan péré wọ́, sitiárìn lè máa jó lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Nọ́ọ̀tì táyà náà, ẹ fún wọn ní ìdojúkọra, kì í ṣe ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ pẹ́dà léraléra títí á fi le kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan: pẹ́dà àkọ́kọ́ máa ń wọlẹ̀ pátápátá.

Páàdì tuntun nílò kí wọ́n fi mọ dísìkì. Ẹ wá ọ̀nà tí kò sí ọkọ̀, láàárọ̀ kùtùkùtù bó bá ṣeé ṣe. Ẹ sá eré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ tẹ bíréèkì wálẹ̀ sí 10 láìdúró, ẹ tún sáré fún bíi ìdajì ìṣẹ́jú kó lè tutù, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ó tó ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wa ọkọ̀ lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìtẹ bíréèkì, ẹ má sì fà á dúró pẹ̀lú bíréèkì ọwọ́ nígbà tó ṣì gbóná. Ariwo díẹ̀díẹ̀ láàárín 200 kìlómítà àkọ́kọ́ kò burú. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ bá ẹni tó fi í sí i, kẹ́ ẹ ní kó tú ìṣó kálípà lójú yín.